Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn ṣáájú marathon: bí ẹ kò ṣe ní fi ọwọ́ ara yín ba iṣẹ́ oṣù mẹ́rin jẹ́

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n sá marathon mi àkọ́kọ́, eré kìlómítà 42, nígbà tí ẹ̀rù dé bá mi. Ó ń ṣe mí bíi pé n kò tíì sáré tó. Mo bá dìde ní ìdájí, mo lọ sá kìlómítà 32 kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọkàn mi sì balẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ eré pé, kìlómítà 27 ni mo dé tí itan mi méjèèjì le gbagidi bí igi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn èyí tó pọ̀ jù nínú kìlómítà 15 tó kù. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi gbára dì. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin kó jọ, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo fi ná an tán.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn tó máa fi agbára tuntun kún ara yín fún ọjọ́ náà. Ohun tó lè bà á jẹ́ ló pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sáré bọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ sì ti sá tó kìlómítà 25 lẹ́ẹ̀kan rí ó kéré tán, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá tíì sá ju 15 lọ rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè dí àlàfo yẹn. Ẹ lọ sá ìdajì rẹ̀, kìlómítà 21, kí ẹ padà wá fún odindi rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó bá ní àrùn ọkàn, tàbí tí àyà máa ń dùn, tí òòyì sì máa ń kọ́ nígbà tó bá ń sáré, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí.

Kí ló dé tí a fi ń dín eré kù?

Bí ẹ bá sá eré gígùn, iṣan ẹsẹ̀ á ya wẹ́wẹ́ níbi tí ojú kò lè rí. Ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní glycogen, á lọ sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ara á bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, á sì tún un ṣe kó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àtúnṣe yìí kì í yá. Eré tó bá le gan-an máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì kí èrè rẹ̀ tó hàn. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: eré líle tí ẹ bá sá ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ìdíje, àárẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ máa gbé lọ sí ojú ìlà. Èrè rẹ̀ á dé nígbà tí wọ́n bá ti palẹ̀ mọ́ tán.

Ohun tó máa ń ba àwọn sárésáré lẹ́rù ni pé ara á gbàgbé. Ara kì í yára gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ọkàn àti iṣan tí ẹ fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ kì í wó lulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá bí ẹ kò bá dúró pátápátá. Dídín ni ẹ máa dín in kù, ẹ kò ní jáwọ́.

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni ẹ sì máa fọwọ́ kàn gidi: bí eré ṣe gùn tó. Iye ọjọ́ tí ẹ ń sáré lọ́sẹ̀ lè wà bó ṣe wà, tàbí kí ẹ yọ ọjọ́ kan péré. Ìyára yín kò gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í ṣe níbí. Wọ́n á dín ohun gbogbo kù, wọ́n á máa sá jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ wọn á wá wúwo bí òjé lọ́jọ́ eré.

Ọjọ́ 21 sí eré: eré gígùn tó kẹ́yìn

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré sí ọjọ́ eré ni kí ẹ sá eré gígùn yín tó kẹ́yìn. Kìlómítà 30 sí 32 ti tó. Ẹni tí kò bá yára, aago ni kó máa wò, kó gbàgbé kìlómítà: tó bá ti di wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀, ó parí nìyẹn, ibi yòówù kó dé. Ẹni tó bá fi wákàtí márùn-ún sáré lọ́jọ́ yẹn kí ó lè rí 32 lójú aago ti sá marathon rẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú marathon.

Ẹ ṣe ọjọ́ yìí bí ẹni pé ọjọ́ eré gan-an ni. Agogo tí ẹ máa jí lọ́jọ́ náà ni kí ẹ jí. Oúnjẹ àárọ̀ tí ẹ máa jẹ ni kí ẹ jẹ. Bàtà, ìbọ̀sẹ̀, ṣòkòtò, síńgílẹ́ẹ̀tì, títí kan àwọ̀tẹ́lẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Jẹ́ẹ̀lì (ṣúgà kíki inú ọ̀rá kékeré tí sárésáré máa ń fà mu lójú ọ̀nà) tàbí ohun mímu tí ẹ máa lò, ẹ lò ó lónìí, ní iye ìṣẹ́jú kan náà sí ara wọn. Bí ẹ bá mọ irú ohun mímu tí wọ́n máa pín lójú ọ̀nà, ẹ wá a kí ẹ fi dán inú yín wò.

Bí ẹ bá délé, ẹ tètè wẹ̀. Omi ìwẹ̀ ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ibi tó bá ta yín bí ata, abẹ́ apá, ìdí itan, orí ọmú ọkùnrin, abẹ́ okùn kọ́ṣẹ́ẹ̀tì obìnrin, ibẹ̀ ni aṣọ ti ń ha yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ máa fi Vaseline kùn dáadáa lọ́jọ́ eré. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú: bí ọmọ ìka kan bá lé ròrò, ó lè jẹ́ ìbọ̀sẹ̀, ó lè jẹ́ bí ẹ ṣe so okùn bàtà. Àyè ṣì wà láti tún un ṣe.

Bí bàtà yín bá ti jẹ tán, ẹ rà á báyìí, kí ẹ fi òmíràn tó jẹ́ irú kan náà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ lè sá bíi kìlómítà 50 nínú rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Bí ẹ ṣe máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀

Ká ní kìlómítà 60 ni ẹ ń sá lọ́sẹ̀ nígbà tí ìgbaradì gbóná jù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé eré gígùn yẹn, ẹ mú un wá sí nǹkan bí 45, kí eré tó gùn jù nínú rẹ̀ jẹ́ 20. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú un wá sí bíi 36, kí eré tó gùn jù má ju 13 lọ. Ọ̀sẹ̀ eré gan-an, bíi 20 ti tó láìka eré náà mọ́ ọn. Ẹni tó ń sá 40 lọ́sẹ̀ tàbí 80, ìpín kan náà ni kó lò: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, lẹ́yìn náà ìdá kan nínú mẹ́ta.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yìí, ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sá ní ìyára tí ẹ fẹ́ fi sá marathon. Ẹ kọ́kọ́ sá kìlómítà méjì jẹ́jẹ́ kí ara lè móoru. Lẹ́yìn náà, ẹ sá kìlómítà méjì ní ìyára eré, ẹ sọ ọ́ di jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́ta. Ó yẹ kó rọrùn fún yín. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé kí ẹ ṣe sí i, ẹ padà sílé bẹ́ẹ̀.

Irin gbígbé àti eré ìdárayá tó ń mú kí itan ro ni, ẹ fi sílẹ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́wàá sí eré. Bọ́ọ̀lù gbígbá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó yí lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Ìgbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́

Ọ̀sẹ̀ kejì ló nira jù fún ọkàn. Ẹ ń sáré díẹ̀, ẹ ń sinmi púpọ̀, síbẹ̀ á máa rẹ̀ yín. Orúnkún tí kò dùn rí láti oṣù mẹ́rin á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn. Ọ̀fun á máa ṣe yín bákan. Ẹ ó máa bínú sí ará ilé láìnídìí. Lóru, ẹ ó lá àlá pé wọ́n ti yìnbọn eré, pé bàtà yín kò sí. Gbogbo sárésáré ló ń kọjá níbẹ̀. Ara tó ń ṣe àtúnṣe máa ń ro, ọkàn tí kò sì rí iṣẹ́ ṣe á máa wá ìdí tó fi ń ro.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń mọ ìrora tòótọ́ yàtọ̀ sí ti irọ́. Ìrora irọ́ máa ń ṣí kiri: òní orúnkún ọ̀tún, ọ̀la ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Bí ẹ bá ti sá bíi kìlómítà kan, á ti pòórá. Ìrora tòótọ́ kì í kúrò lójú kan. Ẹ lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó wà. Bí ẹ bá ṣe ń sáré tó ló ń le sí i, á sì yí bí ẹ ṣe ń gbé ẹsẹ̀ padà, tí ẹni tó wà lẹ́yìn yín fi máa mọ̀ pé ẹ ń tiro. Bó bá jẹ́ èyí ni, ẹ dúró fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìsáré rárá. Bí kò bá lọ, ẹ wá oníṣègùn kó yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá bí ó bá jẹ́ lójú egungun, tó sì ń dùn yín kódà nígbà tí ẹ bá jókòó.

Ẹ má fi eré dán ara wò pé ṣé agbára ṣì wà. Ohun tí èmi ṣe ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí eré nìyẹn. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ ṣí ìwé tí ẹ kọ ìdánrawò yín sí, kí ẹ ka oṣù mẹ́rin náà láti òkè délẹ̀. Gbogbo eré tí ẹ sá nínú òjò, tí ẹ sá nígbà tó rẹ̀ yín, ó wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan.

Ẹ sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí oorun sùn ní alẹ́ ọjọ́ eré ku ọ̀la, kì í sì í ba nǹkan jẹ́ bí alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ bá dára. Ẹ máa fọ ọwọ́, ẹ yàgò fún ẹni tó ń wúkọ́. Bí ọ̀fìnkìn lásán bá mú yín, tó jẹ́ imú nìkan, ẹ ṣì lè sáré jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná, tí gbogbo oríkèé ń ro yín, tàbí tí ikọ́ bá wọ àyà, ẹ má sáré rárá, kódà bó jẹ́ ọjọ́ eré. Eré líle nígbà tí ibà wà lára lè mú kí àrùn wọ inú iṣan ọkàn, ó sì ti pa àwọn tí ara wọn le jù tèmi tìrẹ lọ. Marathon míì á tún wà.

Ìyára wo ni ẹ máa sá?

Ọ̀sẹ̀ kejì yìí ni kí ẹ ti pinnu rẹ̀, kí ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ eré tí ìlù ń dún tí orí ń wú. Bí ẹ bá ti sá kìlómítà 21 tán láìpẹ́ yìí pẹ̀lú gbogbo agbára yín, ẹ sọ àkókò rẹ̀ di méjì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 sí 20 kún un. Ẹni tó fi wákàtí méjì sá 21, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 10 sí 20 ló yẹ kó máa rò. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kínní yín, 20 náà ni kí ẹ fi kún un.

Wákàtí mẹ́rin gééré túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 41 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ jẹ́ 6:24. Wákàtí márùn-ún jẹ́ 7:07. Bí ooru bá mú lọ́jọ́ náà, ẹ gbàgbé iye tí ẹ kọ, kí ẹ dín in kù láti kìlómítà àkọ́kọ́, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ni ara á máa darí lọ sí awọ kí ó lè tutù.

Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kékeré tí ẹ lè dè mọ́ ọwọ́: àkókò tó yẹ kí ẹ dé 10, 21 àti 30. Aago ọwọ́ nìkan kò tó. Ọ̀nà tó kúrú jù ni wọ́n máa ń gbà wọn marathon, kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀, ẹni tó bá ń yà sọ́tùn-ún sósì láti kọjá lára èèyàn á sá ju kìlómítà 42.195 lọ. Nígbà tí aago bá sọ pé ẹ ti dé, ẹ ṣì lè ní 300 mítà níwájú.

Ọjọ́ méjì sí eré: oúnjẹ

Ṣúgà inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kì í tó gbé èèyàn dé ìparí marathon. Ní àyíká kìlómítà 30 sí 35 ló máa ń tán fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ á ti kọ̀ jálẹ̀, tí orí á ṣókùnkùn, táwọn sárésáré fi ń sọ pé àwọn kọ lu ògiri. Kí ògiri yìí lè jìnnà sí yín, ẹ kún inú àká náà láti ọjọ́ méjì ṣáájú.

Oúnjẹ afáralókun ni ẹ máa fi kún un: ìrẹsì, búrẹ́dì, spaghetti, ọ̀dùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, oyin. Iye tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni gíráàmù 8 sí 12 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ wọ̀n, lójúmọ́. Ẹni tó wọn kílò 70 nílò ó kéré tán gíráàmù 560. Báwo ni ìyẹn ṣe rí nínú àwo? Ife ìrẹsì sísè kan ní bíi 45, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan bíi 27, bíbẹ́ búrẹ́dì kan bíi 14. Ife ìrẹsì mẹ́fà, bíbẹ́ búrẹ́dì mẹ́fà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́rin, àti lítà omi èso kan, gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tó. Ó pọ̀, àbí? Ìdí nìyẹn tí àwo ìrẹsì ńlá kan ní alẹ́ tó ṣáájú eré kò fi lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó máa ń fún èèyàn ní inú wíwú lásán.

Ẹ kò ní jẹ àjẹjù kí èyí tó ṣeé ṣe. Àyè ni ẹ máa ṣí sílẹ̀ fún un: ẹ dín ẹran kù, ẹ dín òróró kù gan-an. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹ dín ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti èso eléèpo kù, kí ìfun lè fúyẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kí oúnjẹ alẹ́ má pọ̀, kó sì tètè wọlé. Bí ẹ bá gun ìwọ̀n, ẹ lè rí i pé ẹ ti fi kílò kan tàbí méjì kún un. Kì í ṣe ọ̀rá. Gíráàmù glycogen kọ̀ọ̀kan tí ara bá tọ́jú ń mú omi bíi gíráàmù mẹ́ta dání, ẹ sì máa nílò omi náà lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ sá ogún ìṣẹ́jú jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìsáré kúkúrú mẹ́rin tó yá díẹ̀, tàbí kí ẹ má sáré rárá, èyí tó bá bá yín lára mu. Bí ẹ bá lọ gba nọ́ńbà àyà, ẹ gbà á, kí ẹ padà sílé. Wákàtí mẹ́ta tí ẹ bá fi dúró tí ẹ ń wo ọjà, ẹsẹ̀ ni ẹ fi ń san án. Èékánná ẹsẹ̀ ti yẹ kó wà ní gígé láti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tẹ́ gbogbo nǹkan sórí ibùsùn bí ẹni fẹ́ wọ̀ wọ́n: síńgílẹ́ẹ̀tì lókè, ṣòkòtò nísàlẹ̀, ìbọ̀sẹ̀, bàtà. Ẹ fi pín-ìnì mẹ́rin de nọ́ńbà mọ́ àyà síńgílẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí, nígbà tí ọwọ́ kò gbọ̀n. Kí ẹ tó dè é tán, ẹ wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ gbé apá sókè, kí ẹ tẹ̀ síwájú, kí igun nọ́ńbà má baà máa ha yín ní ikùn fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ ka jẹ́ẹ̀lì yín. Ẹ fi Vaseline sórí bàtà, kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ eré

Ẹ jẹun ní bíi wákàtí mẹ́ta sí ìgbà tí eré máa bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ tí ẹ ti dán wò ní ọjọ́ 21 sí eré. Búrẹ́dì àti oyin pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì ti bá èmi lára mu láti ìgbà yẹn. Ẹ mu omi bí ìdajì lítà, kí ẹ wá dúró kó lè jáde. Bí ìtọ̀ bá funfun díẹ̀ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó ti tó. Ẹni tó ń mu kọfí tẹ́lẹ̀ lè mu ún. Ẹni tí kì í mu ún, kó má bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Oògùn ara ríro bíi ibuprofen, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ì báà ṣe ṣáájú tàbí láàárín eré. Eré gígùn ti ń fa ìnira fún kíndìnrín tẹ́lẹ̀, oògùn yẹn á sì fi kún un.

Ẹ wọ ẹ̀wù àtijọ́ sókè títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yìnbọn. Ẹ tètè tò sí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó máa ń gùn.

Ojú ọ̀nà

Kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dà bíi pé ẹ ń lọ́ra jù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti yára jù. Ara ti sinmi, ẹsẹ̀ ti kún, èrò ń pariwo, gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní Chicago, ní oṣù kẹwàá 2023, Kelvin Kiptum ará Kenya sá ìdajì àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 60 àti ìṣẹ́jú àáyá 48, ó sì sá ìdajì kejì ní 59:47. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ni gbogbo rẹ̀, èyí tí ọkùnrin kankan kò sá rí nínú ìdíje nígbà náà. Ìdajì kejì ló yára jù.

Àpẹẹrẹ kejì ti pẹ́. Ní Òlíḿpíìkì London ní 1908, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sá kìlómítà 42.195 yìí, Dorando Pietri ará Ítálì fi gbogbo agbára lé ẹni tó wà níwájú nínú ooru, ó sì kọjá rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wọ pápá ìṣeré. Ó gba ọ̀nà òdì, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà, títí àwọn adarí eré fi dì í mú kọjá ìlà. Nítorí ìrànlọ́wọ́ yẹn ni wọ́n fi gba ipò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé e fún Johnny Hayes ará Amẹ́ríkà, ẹni tó dé tẹ̀lé e.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nǹkan kí ebi tó dé. Nígbà tí ẹ bá ti sáré bíi ìṣẹ́jú 30 sí 40, ẹ mu jẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn. Gíráàmù 30 sí 60 ti afáralókun ni ọ̀pọ̀ èèyàn lè lò ní wákàtí kan, jẹ́ẹ̀lì kan sì sábà máa ń ní 20 sí 25. Omi lásán ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, torí bí ṣúgà bá pàdé ṣúgà nínú ikùn, inú lè rú. Ní kìlómítà 30, jẹ́ẹ̀lì á ti máa rí yín lára. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fò ó.

Omi: bí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ mu ún. Ẹ má mu ún ní tipátipá ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń pín in. Omi tó pọ̀ jù máa ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ó lè mú kí ọpọlọ wú, kó fa gìrì, kó sì pa èèyàn. Ní marathon Boston ti 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò lójú ìlà ìparí, 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Àwọn tó lọ́ra, tí wọ́n ń dúró mu omi níbi gbogbo, ni ewu yìí sún mọ́ jù. Bí ẹ bá mú ife, ẹ fi ìka méjì fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ kó rí ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti igun náà. Kò ní dà sí imú yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ rìn nígbà tí ẹ ń mu ún, ẹ rìn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni.

Lẹ́yìn kìlómítà 32, ẹ má ka 10 tó kù mọ́. Ẹ wo ẹni tó wọ aṣọ pupa níwájú, ẹ sá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo igi yẹn, ẹ sá débẹ̀. Bí pajápajá bá mú ẹsẹ̀, ẹ dúró, ẹ na ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́, ẹ rìn, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ìyára tó dín sí ti tẹ́lẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín, bí ojú bá ń ṣú, bí òógùn bá dáwọ́ dúró tí òtútù sì ń mú yín nínú ooru, eré ti parí fún ọjọ́ náà. Ẹ lọ bá àwọn elétò ìlera lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Bí ẹ bá kọjá ìlà, ẹ má jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì nà gbọọrọ sílẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń já lulẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá dúró lójijì, òun ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn dákú lẹ́yìn ìlà. Ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára, ẹ wá nǹkan oníyọ̀ àti nǹkan aládùn jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tó ní òjìji, kí ẹ tú okùn bàtà.